Kílíà

Látọjọ́ tí Bàámi ti sùn ni Pijó wọn ti dúró
síwájú ilé wa ní Ìsọ̀kùn, ó kọjú sí ìlà-oòrùn.
Kò sí tapólì lórí rẹ̀. Kò sí ẹni tó ní ká bò ó.
Ẹyẹ ń yàgbẹ́ sí i. Ọyẹ́ ọdún mẹ́ta da eruku lé e,
òjò ọdún mẹ́ta fọ̀ ọ́ lójú, kò fọ̀ ọ́ délẹ̀.
Ìgbà tí mo máa wò ó dáadáa,
orí bọ́nẹ́ẹ̀tì ti funfun
bí orúnkún ọmọ tí kò para lọ́yẹ́.

Mo bu omi, mo da ọṣẹ ìfọṣọ sí i.
Mo mú kàn-ìn-kàn-ìn onírin,
mo ha á bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò ìrẹsì tó jóná.
Èmi tíṣà, mo rò pé ìdọ̀tí ni.
Ó gbẹ tán, mo rí iṣẹ́ ọwọ́ mi:
ìlà yípoyípo, bí ẹni pé adìyẹ walẹ̀ lórí rẹ̀,
ìpẹ́pẹ́ tín-ín-rín ń ṣí létí ọgbẹ́ náà,
ó mọ́ gaara bí èèpo inú àlùbọ́sà.
Atẹ́gùn gbé ọ̀kan, ó bà lé mi létè.

Ní ẹ̀bá Adétí ni mo ti bá Fàmúrewá oní-pẹ́ńtì.
Ìka mẹ́wàá, àwọ̀ mẹ́wàá.
Kò tíì kí mi tán tó fi fi èékánná kan bọ́nẹ́ẹ̀tì.
Ó lóṣòó tì í bí òṣómàáló ayé àwọn bàbá wa
tó wá gba owó aṣọ lọ́wọ́ oòrùn.
Ó pẹ́ níbẹ̀. Mo rò pé iye ló ń ṣírò.
"Ta ló fi irin fọ̀ ọ́?"
Mo dákẹ́. Ó mọ̀.

"Awọ kọ́ ló bọ́," ó ní, "àwọ̀ kọ́ ló kú.
Awò tí àwọ̀ fi ń wo ojú ọ̀run ló fọ́.
Kílíà là ń pè é. Kò ní àwọ̀ tirẹ̀.
Òun ni oòrùn ń nà, ẹ̀yin ń sọ pé mọ́tò ń dán.
Ẹ ò lè lẹ̀ ẹ́. Bí mo bá fọ́n tuntun lé èyí tó gbó,
kó tó di Ìwúdè, á tún ṣí.
Màá ha á kọjá ibi tó bàjẹ́,
títí màá fi dé ibi tó ṣì di ara rẹ̀ mú.
Ibẹ̀ náà á jẹ nínú ìyà."
Ó rẹ sanpépà sómi.

Iye tó pè ju owó oṣù tíṣà lọ.
Mo ní kó ṣe orí àti bọ́nẹ́ẹ̀tì, kó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀,
kó ṣe búùtù tí owó bá kù.

"Àwọ̀ wo gan-an ni tẹ́lẹ̀?"
Mo ní àwọ̀ ewé. Ìyá mi, lórí fóònù, ní irọ́ ni, aró ni.
Ọlátẹ́jú ẹ̀gbọ́n mi ní eérú ni látọjọ́ tí wọ́n ti rà á.
Fàmúrewá ò bá wa jiyàn. Ó yí lọ sẹ́yìn,
ó wá etí bébà ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù
tí Bàámi lẹ̀ mọ́ búùtù lọ́dún tí mo wọ ilé-ìwé,
ó fi tínà rẹ ẹ́, ó rọra ṣí i.

Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.
Ewé obì tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lórí rẹ̀.
Mo bẹ̀rẹ̀ sí i, mo rí ojú mi,
ó kéré, ó tẹ̀, imú ńlá,
bí mo ṣe máa ń rí i láàárọ̀ Mọ́ńdè
tí Bàámi bá lóṣòó sẹ́yìn mi
tí wọ́n ń so okùn aṣọ ilé-ìwé mi.

"Ẹ má fọwọ́ kan ibẹ̀," mo ní.
"Á dà bí àbùlẹ̀."
Mo ní kó dà bẹ́ẹ̀.

Lónìí orí rẹ̀ ń dán, bọ́nẹ́ẹ̀tì ń kọ mànà,
ilẹ̀kùn mẹ́rin ṣì funfun, wọ́n ń retí ìparí oṣù.
Mo ra tapólì lọ́jà Àtàkúmọ̀sà.
Bí ilẹ̀ bá ṣú, mo máa ń bò ó,
màá yí lọ sẹ́yìn rẹ̀,
màá lóṣòó,
màá so okùn.